Àdúrà Àmì-Ẹ̀yẹ Bàbá Ìtùnú

Bí ẹ bá dé Ìrókò tí ẹ ní Josiah Ọláníran lẹ ń wá, wọ́n lè máa wò yín. Ẹ ní bàbá tó máa ń kú nínú fíìmù, ọmọdé á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni, òṣèré sì ni. Láti ìgbà tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n n'Ìbàdàn ni wọ́n ti ń fi í ṣe arúgbó. Pọ́dà ni wọ́n ń dà sí i lórí nígbà náà. Ní báyìí, Ọlọ́run ti bá wọn ṣe é.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: àmì-ẹ̀yẹ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ti orílẹ̀-èdè. Ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, fíìmù elédè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kà sí. Ẹni tó bá ń fi Yorùbá ṣeré, kó jókòó sílé kó máa pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n wá rántí àwa náà, olórí òṣèré nìkan ni wọ́n ń fún. Nígbà tó wá kan àwọn bíi Josiah, tí kì í ṣe olórí eré, àwọn adájọ́ kan ní Àbújá ló ń yan ẹni tó wù wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń du ipò náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ó dùn ún wọra.

Lọ́dún yìí, wọ́n tún yí òfin padà. Wọ́n ní àwọn òǹwòran ni yóò dìbò lórí fóònù, láti Ọjọ́bọ̀ títí di ọ̀sán Sátidé. Inú Josiah dùn. Tó bá jẹ́ ti èrò, ta ló ní èrò tó o? Ìjọ aládùúrà tó ń lọ ní ẹ̀ka káàkiri Akínyẹlé. Ó lọ bá Wòlíì Sanmí, olùṣọ́ ìjọ.

"Wòlíì, ẹ bá mi sọ fún ìjọ. Mo ti darúgbó, mi ò rò pé wọ́n tún máa pe orúkọ mi mọ́ lẹ́yìn èyí."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Gbogbo ìjọ ló máa dúró tì yín."

Ló bá wọ bàlúù ní Alákìá, ó gba Àbújá lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Safwan ni wọ́n pè. Wọ́n tún wá gbé iye ìbò kálukú sójú ògiri. Ti Josiah kò tó èrò inú bọ́ọ̀sì kan. Ó ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu. Ó pe Gbọ́njúbọ́lá ìyàwó rẹ̀, fóònù kò lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, láti Alákìá, ṣọ́ọ̀ṣì ló gbà lọ tààrà. Bí wọ́n ṣe rí i, orin bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kó gbé àmì-ẹ̀yẹ náà jáde kí àwọn rí i.

"Ta ló dìbò fún mi nínú yín?" ni Josiah wí.

Orin dákẹ́. Gbọ́njúbọ́lá ló dáhùn, ohùn rẹ̀ ti há.

"Bàbá Ìtùnú, orí òkè la wà. Láti Ọjọ́bọ̀ la ti ń gbààwẹ̀ nítorí yín, àná lálẹ́ la sọ̀ kalẹ̀. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í mú fóònù gòkè. Inú apẹ̀rẹ̀ la kó gbogbo ẹ̀ sí nísàlẹ̀."

Josiah wo ètè rẹ̀ tó ti gbẹ. Ká ní wọ́n kórìíra rẹ̀ ni, ì bá rí ẹni bú. Inú wá bí i ju ti Àbújá lọ.

"Ẹ má bọkàn jẹ́, Bàbá," ni Wòlíì Sanmí wí. "Tó bá di èyí tó ń bọ̀, ọjọ́ méje la máa lò."

"Wòlíì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín," ni Josiah fèsì, "ẹ má gbàdúrà fún mi mọ́."

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín.