Àwòrán Keje

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó dé Salima. Lóṣù Kẹta ọdọọdún, nígbà tí òjò kì í jẹ́ kí ìgbéyàwó pọ̀, àwa ayàwòrán ìlú Zomba máa ń lọ fi ọjọ́ mẹ́ta sinmi létí adágún ní Salima. Ìsinmi wo? Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà náà la máa ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ká má parọ́, ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó Bambo Lipenga, ọ̀gá mi, ni mo fi lọ lọ́dún yìí.

Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Nasibeko, jọ̀ọ́, bá mi bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀. Dókítà ní ọkàn wọn ò lè gba iṣẹ́ yìí mọ́. Wọ́n ní irọ́ ni dókítà ń pa."

Bambo Lipenga ló kọ́ mi níṣẹ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn ti wú débi pé sálúbàtà nìkan ló ń gbà á, síbẹ̀ wọ́n ti gba ìgbéyàwó sílẹ̀ fún gbogbo Sátidé láti Àjíǹde títí di Kérésì. Mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

"Àárẹ̀ wo? Ìwọ tó ń hanrun láti Zomba ló ń bi mí?"

Inú bí mi. "Ẹ máa ṣe é lọ, Bàbá. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣubú lu kéèkì ìyàwó, ẹ ó gbà."

"Màá kọ́kọ́ ya kéèkì náà kí n tó dìde."

Ẹgbẹ́ wa ní àṣà kan. Kálukú á ya ọmọ ẹgbẹ́ kan láìjẹ́ kó mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, a ó lẹ àwọn àwòrán náà mọ́ ògiri láìkọ orúkọ ẹni tó yà wọ́n, àgbà inú wa á sì sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Bambo Lipenga ni àgbà náà. Wọ́n lè parọ́ fún ìyàwó, wọ́n lè parọ́ fún dókítà, ṣùgbọ́n wọn ò parọ́ nípa àwòrán rí. Wọ́n ti sọ nípa tèmi lójú gbogbo ayé rí pé ewúrẹ́ á yà á dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ láti etí omi. Ó ku mẹ́ta péré kí wọ́n dókè, wọ́n bá dúró, wọ́n fọwọ́ ti ògiri, wọ́n di ojú. Mo yà wọ́n. Ojú tì mí bí ẹni tó jalè.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n sọ̀rọ̀ lórí mẹ́fà, wọ́n bú èèyàn mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n dé ìkeje, èyí tí mo yà wọ́n lórí àtẹ̀gùn, wọ́n wò ó látòkè délẹ̀.

"Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ dáa," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Ẹni tó yà á ò kánjú." Wọ́n sún mọ́ ọn. "Ó ti rẹ ọkùnrin yìí. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ̀ ẹ́."

Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó.

"Ta ló máa wá ya gbogbo ìgbéyàwó yẹn?"

Mo wo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Kálukú ń wo ìka ara ẹ̀. Gbogbo egungun ara mi ló ń bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́.

"Èmi ni, Bàbá."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."