Òdòdó Inú Fíríìjì Tíṣà

Bí ẹ bá dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní nǹkan bí ọdún 1960, tí ẹ béèrè ilé Tíṣà Moses Akínyẹmí, kò sí ẹni tí yóò júwe rẹ̀ fún yín bí ilé olùkọ́. Ohun tí wọn yóò sọ ni pé, "Áà, ulé olómi tútù lẹ̀ ń wá!" Wọn yóò sì na ọwọ́ sí òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà ti fi ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ wọn níwèé, ó ti fi pankẹ́rẹ́ na ìdajì ìlú, síbẹ̀ omi tútù ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà a máa bí i nínú nígbà yẹn.

Òyìnbó kan tó ń kó ẹrù rẹ̀ padà sí ìlú rẹ̀ ló ta fíríìjì náà fún un ní Adó lọ́dún 1958. Fíríìjì oníkẹrosíìnì ni, nítorí iná mànàmáná kò tí ì gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí lè rò pé mò ń parọ́: àtùpà kan wà ní ìsàlẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ ó rọ kẹrosíìnì sí i, ẹ ó tan án, iná yẹn gan-an ni yóò sì mú kí inú àpótí tó wà lókè rẹ̀ tutù. Kì í yára tutù o. Bí ẹ bá tan án láàárọ̀ òní, ó di ọ̀la kí omi tó tutù dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti rí i pé iná ń jó nídìí rẹ̀, kí ọkàn yín balẹ̀, omi tútù ń bọ̀.

Victoria, ìyàwó Tíṣà, nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń gé òwú àtùpà náà tí kò fi ní rú èéfín. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí ìsìn bá ti parí, ilé wọn a kún. Àwọn ìyá a wọlé pẹ̀lú fìlà funfun wọn, àwọn bàbá a jókòó sórí pèpéle, àwọn ọmọdé a tò pẹ̀lú kọ́ọ̀pù lọ́wọ́. Tíṣà a sì jókòó sínú yàrá, a máa kùn bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé. "Victoria, ṣé ilé wa ti di ibùdókọ̀ ni?" Victoria a rẹ́rìn-ín, a tún bu omi fún ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ gbé fíríìjì náà, aya òyìnbó yẹn fi àpòòwé kékeré kan lé Victoria lọ́wọ́. Irúgbìn òdòdó ló wà nínú rẹ̀. Victoria gbìn ín sí iwájú ilé, ó fi igi sọgbà yí i ká, irúgbìn náà sì yọ òdòdó pupa tó tóbi tó àwo tíì, tí kì í tètè rọ. Òdòdó Mísíìsì ni Victoria ń pè é. Ẹ ó béèrè pé ṣé Tíṣà bomi rin ín lọ́jọ́ kan rí. Rárá o. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó ń bi ìyàwó rẹ̀ ni pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa fi òdòdó náà se ọbẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1963, Victoria ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́rin, ó kú. Èrò tó wá síbi ìsìnkú tẹ ọgbà òdòdó náà mọ́lẹ̀, ewúrẹ́ sì jẹ ìyókù. Kí oṣù yẹn tó parí, fíríìjì náà ṣíwọ́ iṣẹ́. Iná ń jó nídìí rẹ̀, omi kò tutù. Atúnfíríìjìṣe tó wá láti Iléṣà yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó ní ohun tó ń mú un tutù ti jò tán nínú páìpù, pé kò sí àtúnṣe. Àwọn èèyàn wá lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n wá lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n mu omi tí kò tutù, wọ́n kí Tíṣà kú àṣẹ̀yìndè. Lọ́jọ́ Ìsinmi kẹta, kò sẹ́ni tó yà.

Ọkùnrin tó ń kùn nítorí èrò, òun ló wá ń jókòó sí pálọ̀ báyìí, tó ń fetí sí bàtà àwọn tó ń kọjá lọ. Bí bàtà kan bá dúró díẹ̀ níta, a gbé orí sókè. Bàtà náà a tún máa lọ. Rótìmí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tó ti ń kọ́ ìmọ̀ òfin, lẹ́tà rẹ̀ aláwọ̀ búlúù ń dé lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì. Tíṣà a kà á títí yóò fi ya ní ojú ibi tí wọ́n ti ká a. Kí n má fọ̀rọ̀ falẹ̀, àárò Victoria ń sọ ọ́, ilé náà sì tóbi jù fún un.

Nígbà òjò, ó ń wá abẹ́rẹ́ tí yóò fi rán bọ́tìnnì nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, ó bá rí àpòòwé. Irúgbìn òdòdó Mísíìsì ni Victoria tọ́jú síbẹ̀. Tíṣà dúró tì í, kò rí abẹ́rẹ́, kò sì wá a mọ́. Ìpinnu kan wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà: bí ọdún bá yí po tí wọ́n bá ń ṣe ìrántí Victoria, òdòdó yìí gbọ́dọ̀ wà lórí ibojì rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọkùnrin tí kò bomi rin ín nígbà tí olóhun wà láyé, ó fẹ́ san án padà.

Ó gbìn ín lẹ́ẹ̀kíní, adìyẹ tú u. Ó gbìn ín lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù kọkànlá, ó hù, inú rẹ̀ dùn, ọyẹ́ sì dé. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ orí òkè Ẹ̀fọ̀n mọ ohun tí mò ń wí. Òtútù ní òròwúrọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ní ọ̀sán. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan gbogbo rẹ̀ ti rọ. Nígbà tó gbọn àpòòwé náà sórí tábìlì, irúgbìn mọ́kànlá péré ló kù. Bí mọ́kànlá yìí bá lọ, ó tán nìyẹn, òdòdó Victoria parẹ́ láyé.

Ó ń wo fíríìjì tó dúró gbagidi ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ ni ọgbọ́n yẹn dé. Ara ògiri rẹ̀ nípọn kí òtútù má baà jáde. Ohun tó lè di òtútù mú, ṣé kò lè di ooru mú ni? Ó ránṣẹ́ pe Adékúnlé káfíńtà, ọ̀kan nínú àwọn tó ti nà rí nílé ìwé. Adékúnlé gé ojú fèrèsé sára ilẹ̀kùn fíríìjì náà. Wọ́n wá gíláàsì tó bá a mu títí, kò sí, àfi èyí tó wà lójú fọ́tò ìgbéyàwó Tíṣà. Tíṣà tú u fúnra rẹ̀, ó nù ún, ó sì gbé e fún un.

Adékúnlé dá ihò sí ìsàlẹ̀ àpótí náà kí ooru àtùpà lè gbabẹ̀ wọlé, ó fi páànù bo ihò náà, Tíṣà da iyanrìn lé e, ó gbé abọ́ omi ka iyanrìn kí inú ibẹ̀ má baà gbẹ. Wọ́n yí ojú fíríìjì sí fèrèsé kí oòrùn lè wọnú gíláàsì. Tíṣà gbin irúgbìn mọ́kànlá sínú agolo mílíìkì mọ́kànlá, ó gé òwú àtùpà, ó tan iná. Èéfín kọ́kọ́ bo gbogbo pálọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi kọ́ ohun tí Victoria fi ń ṣeré.

"Tíṣà," ni Adékúnlé wí, "ohun tó ń mú omi tutù lẹ fẹ́ fi mú nǹkan gbóná?"

"Gbé owó rẹ, kí o máa lọ," ni Tíṣà dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lójú rẹ̀, ìyẹn àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú.

Méje hù nínú mọ́kànlá. Mẹ́ta gùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ṣubú. Mẹ́rin dúró. Tíṣà kì í jẹun àárọ̀ kó tó ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì. "Ẹ káàárọ̀ o," a wí fún wọn, a sì ròyìn bí òun ṣe sùn. Ó ka lẹ́tà Rótìmí sí wọn létí. Bí ó bá jáde, a tètè padà, nítorí ó ní ẹni tó ń retí òun nílé. Ẹ má fi ṣẹlẹ́yà, ẹni tó bá ti dá gbé ilé yàrá mẹ́fà rí kò ní fi ṣẹlẹ́yà. Nígbà tó fi di oṣù kẹta ọdún 1964, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ga dé orí àpótí, mẹ́ta ti rudi, pupa sì ti ń yọjú lẹ́nu ọ̀kan. Ìrántí ku ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ náà ni Ẹ̀yínadé, àbúrò Victoria, dé láti Odò-Ọwà láti bá wọn dáná. Tíṣà ti jáde lọ bá àlùfáà sọ̀rọ̀ nípa ètò ìsìn. Ẹ̀yínadé wọlé, ó gbálẹ̀, ó nu àga, ó rí iná tó ń jó nídìí fíríìjì. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé wọ́n ti tún un ṣe, pé gíláàsì ara ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lára àtúnṣe náà. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bá òdòdó nínú rẹ̀. Ó rò pé bàbá yìí kó òdòdó sínú fíríìjì kó má baà rọ kọ́jọ́ tó pé. Kò tutù níbẹ̀, ìyẹn kò yà á lẹ́nu, ó mọ̀ pé ó di ọ̀la. Ó bá gbé agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí pèpéle níta níbi tí atẹ́gùn wà, ó sì to ìgò mínírà méjìlá tó rà wá fún àlejò sínú fíríìjì, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ì bá ti ṣe é.

Nígbà tí Tíṣà dé, ewúrẹ́ méjì wà lórí pèpéle. Agolo ti dojú dé. Igi kan ṣoṣo ló kù, kò ní ewé, kò lórí.

"Bàbá Rótìmí, ẹ káàbọ̀!" Ẹ̀yínadé ń ké bọ̀ láti ilé ìdáná. "Ẹ è wí fún wa pé fíríìjì ti ń ṣuṣẹ́! Mo rí i pé uná ń jó, mo ní kí mo kó mínírà sí i."

Tíṣà ṣí ilẹ̀kùn náà. Ó fọwọ́ kan ìgò kan. Ó gbóná bí omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ ọmọ tuntun. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú fíríìjì, ó sì bú sẹ́kún. Kò sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n sin Victoria, gbogbo ìlú ló yìn ín pé ọkùnrin ni. Ẹkún ọjọ́ náà ló ń sun.

Ẹ̀yínadé kúnlẹ̀ tì í, kò mọ ohun tí òun ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni Tíṣà sọ fún un: irúgbìn mọ́kànlá, gíláàsì fọ́tò, ewúrẹ́. "Òdòdó Mísíìsì ni, Ẹ̀yínadé. Ó ti tán láyé."

"Ó tán níbo?" ni Ẹ̀yínadé wí jẹ́jẹ́. "Bàbá Rótìmí, ẹ̀gbọ́n mi mú un wá sí Odò-Ọwà láti ujọ́ kíní. Ó kún abẹ́ fèrèsé Yèyé wa, ó kún ẹ̀yìnkùlé mi. Àwọn ọmọ ń já a fi ṣeré. Bí ẹ bá ti wá ni, ẹ ì bá ti rí i."

Tíṣà kò lè gbójú sókè. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú gbọ́dọ̀ padà lọ kí àwọn àna rẹ̀, kó dúpẹ́ ìdúróti lọ́wọ́ wọn. Ó mọ̀. Kò lọ. Kò mọ ojú tí yóò fi wo ìyá tó fún un lọ́mọ, nígbà tí ọmọ náà kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ó ní oṣù tó ń bọ̀ lòun máa lọ, oṣù kan ń ti oṣù kan, ọdún fi yí po.

"Yèyé ń retí yín," ni Ẹ̀yínadé wí. "Gbogbo Sátidé ló ń ní kí n gbá ojúde, pé ó lè jẹ́ òní."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wọ bọ́lẹ́kájà, wọ́n gba Àrámọ̀kọ kọjá, wọ́n dé Odò-Ọwà. Òdòdó pupa wà lábẹ́ fèrèsé lóòótọ́, ó pọ̀ bí koríko. Ìyá arúgbó náà kò ríran dáadáa mọ́. Ó di ọwọ́ Tíṣà mú, kò jù ú sílẹ̀.

"O pẹ́ o, Moses," ló wí.

Òdòdó bo ibojì Victoria lọ́jọ́ ìrántí. Èrò wá, wọ́n mu mínírà tó lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́, wọ́n rántí omi tútù, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Ẹ̀yínadé náà lọ, ilé sì tún dákẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Tíṣà ti fi agolo kan pamọ́ nínú èyí tó kó bọ̀ láti Odò-Ọwà. Ó gbé e sínú fíríìjì, ó gé òwú àtùpà, ó tan án. Adékúnlé tó yà wá kí i bi í pé kí ni iná wà fún, nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, tí òdòdó náà sì ń hù níta fúnra rẹ̀. Tíṣà ní òun kàn fẹ́ kó máa jó níbẹ̀ ni.

Nígbà tó di Sátidé, ó pa iná náà, ó ti ilẹ̀kùn ilé, ó sì lọ wọkọ̀ Odò-Ọwà.