A Dúpẹ́, Ó Ti Ń Gbádùn

Nígbà tí mo kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, kò sí ilé ìwòsàn ní abúlé wa lápá Ahoyéyé. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá kọjá agbára àgbo, ilé ìwòsàn tó wà ní Pọ́bẹ̀ la ń gbé e lọ, ẹsẹ̀ la sì fi ń rìn ín. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ ní kí n sọ bí a ṣe ń tọ́jú ara láyé ìjọ́un. Mo mọ̀ pé ewé àti egbò lẹ ń retí. Ẹ lè rí ìyẹn lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni n ó bá yín sọ.

Nílé wa, a kì í fi ẹnu pe àìsàn. Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ tí kò lè gbé orí sókè, tí àlejò wọlé tó ní, "Aláìsàn ńkọ́?", ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: "A dúpẹ́, ó ti ń gbádùn." Ẹyin lohùn. Ẹni tó bá ní ó ń burú sí i, wọn á ní òun ló fẹ́ kó burú, ìyá bàbá mi sì lè gbá a létí nítorí ẹ̀. Mi ò sọ pé àṣà náà ò dára o. Mo ti rí aláìsàn tí ọ̀rọ̀ yẹn gbé dìde jókòó.

Lọ́dún kan, ìgbẹ́ gbuuru mú àbúrò mi obìnrin, tí kò tíì rìn. Lọ́jọ́ kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Lọ́jọ́ kẹta kò fa ọmú mọ́, ojú rẹ̀ jìn sínú, bó bá ń sunkún, omi kì í jáde níbẹ̀. Ìyá mi pọ̀n ọ́n, mo gbé omi tẹ̀lé e, ó di Pọ́bẹ̀.

Ọkùnrin ará Àjàṣẹ́ kan la bá níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Gùn ni, àmọ́ ó gbọ́ èdè wa dáadáa. Èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọmọ tó sùn lẹ́yìn ìyá mi, ó fi pẹ̀lẹ́tù béèrè pé, "Ìyá, báwo lara ọmọ?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "A dúpẹ́, dókítà. Ó ti ń gbádùn."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fún wa ní hóró oògùn díẹ̀, ó ní ká máa lọ, ó pe ẹni tó kàn. Mo mọ̀ pé ọmọ náà kò tíì tọ̀ láti àná, torí èmi ni mo ń fọ aṣọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í dá sọ́rọ̀ àgbà, mo pa ẹnu mi mọ́. Ìyá mi kò purọ́ o. Ó rò pé ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ yóò sọ ọmọ kalẹ̀, yóò yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà rò pé ìyá ló mọ ọmọ rẹ̀ jù.

A ò tíì délé tí àbúrò mi fi kú sẹ́yìn ìyá mi. Ìyá mi kò mọ̀. Èmi tí mo ń bọ̀ lẹ́yìn ni mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀. Ó dùn mí, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ayé ti yí padà. Alùpùpù á gbé yín láti Ahoyéyé dé Pọ́bẹ̀ kí ẹ̀kọ gbígbóná tó tutù. Àwọn ìyá mìíràn ń bá dókítà sọ Faransé tí wọ́n kọ́ nílé ìwé. Síbẹ̀, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ́la kí ẹ tẹ́tí, ẹ ó gbọ́ "a dúpẹ́" títí yóò fi sú yín. Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ń bínú, pé ará oko ò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n sọ. Àdúrà ni wọ́n ń gbà.

Ẹ ṣe àmín, kí ẹ wá sọ ọmọ kalẹ̀. Ẹ béèrè ìgbà tó mu omi kẹ́yìn, ìgbà tó tọ̀. Bí ọmọdé kan bá sì dúró ti ìyá náà, tó ń wolẹ̀, ẹ bi òun náà. Ká ní ẹnìkan bi mí lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá sọ.