Táyà Ńlá Méjì Tí Mo Fi Sẹ́yìn Píkọ́ọ̀pù Mi

Inú máa ń bí mi tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí òun gan-an ló kó bá mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi píkọ́ọ̀pù kó kòkó láti oko wá sí Oǹdó, kò sì sí kòtò kan lọ́nà Bọ́lọ́rundúró tí n kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ló ń dáko níbẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, èmi nìkan ni mo ń bá a kó kòkó. Àwọn awakọ̀ mìíràn a lọ bá a, wọn a ní àwọn máa kó o kíákíá, á sì dá wọn lóhùn pé, "Àbúrò mi ń bọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń mú orí mi wú.

Lọ́dún kan báyìí, òjò àrọ̀kúrò ò jẹ́ kí ọ̀nà gbádùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rì sínú ẹrẹ̀, tí ìdí ọkọ̀ jókòó sílẹ̀ bí adìyẹ tó ń sàba. Ẹ̀gbọ́n mi wá pè mí pé kòkó òun ti gbẹ, ó ti wọ àpò, àpò mẹ́rìnlá, òrùlé ilé sì ń jò. Tí òjò bá kàn án, á bu, iṣẹ́ ọdún kan á ṣòfò. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo máa wá táyà ńlá sí ọkọ̀ kí n tó wá.

Mo lọ sí Àkúrẹ́, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta táyà tòkunbọ̀. Bí àwa awakọ̀ oko ṣe ń yan táyà nìyí: a fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, a fẹsẹ̀ gbá a, a wo bí ehín rẹ̀ ṣe jìn tó, ó parí. Ọkùnrin yìí ò gbá nǹkan kan. Ńṣe ló ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ka bébà kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ irin ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀ yẹn, n kò kà á rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ìwọ̀n táyà yín rèé," ó ní. "Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ rẹ̀, ìkejì ń sọ bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ga tó, ìkẹta ni rímù. Eléyìí tẹ́ ẹ dì mú ga jù ú lọ. Ó máa gbé ọkọ̀ sókè nínú ẹrẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n á wúwo fún ẹ́ńjìnnì, kò ní gun òkè bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ wulẹ̀ mú ìwọ̀n yín, kí ehín rẹ̀ ṣáà ti jìn."

Mo ní rárá, èyí tó ga ni mo fẹ́. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n ra mẹ́rin.

"Mẹ́rin kẹ̀?" Ara mi gbóná. "Ṣebí ẹ̀yìn ló ń ru ẹrù. Méjì tó mi."

"Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà lẹ ní o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi méjì sí i."

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Ọlọ́jà ni, mo ní lọ́kàn mi, ó fẹ́ tajà. Mo ní, "Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀, wọn ò tíì bí ẹ." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá mi de méjèèjì sẹ́yìn. Nígbà tí mo dé Oǹdó, ẹnì kan nílé epo béèrè bóyá ọkọ̀ mi ń dọ̀bálẹ̀ kí òun ni. Mo bú u.

Lọ́jọ́ kejì mo forí lé oko. Níbi tí ẹrẹ̀ ti pọ̀, mo fa ọ̀pá jíà kékeré tó ń mú kí ẹsẹ̀ iwájú náà máa fà. Há, ẹ wá wò ó! Ọkọ̀ la ẹrẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí ẹrẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàdúrà fún mi títí ó fi sú u. A kó àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, òun náà sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nígbà tá a bọ́ sórí ilẹ̀ líle, n kò dá ọ̀pá yẹn padà. Mo ní ẹrẹ̀ mìíràn lè wà níwájú. Sítíárìn le láti yí, ọkọ̀ ń ta bí ẹni tí èèrà bù jẹ, mo sì ń tẹná mọ́ ọn. A ò tíì gun òkè tán tí nǹkan fi dún lábẹ́ wa, gbàgà! Jíà ti fọ́. Mẹkáníìkì ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà: táyà iwájú tó kéré gbọ́dọ̀ yí lọ́pọ̀ ìgbà ju ti ẹ̀yìn lọ, irin kan náà ló sì so wọ́n pọ̀. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀, kò sí wàhálà. Lórí ilẹ̀ líle, kò lè yọ̀, jíà ló máa jẹ ìyà ẹ̀.

Òjò dé bá wa níbẹ̀. Tapólì tí mo fi bo ẹrù ti lu. Ẹ̀gbọ́n mi gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi ń dí ojú ihò. Mo pariwo pé kó sọ̀ kalẹ̀, ó kàn ń dí ihò lọ. Àpò mẹ́jọ ló tutù. Nígbà tí wọ́n fi máa rí ọkọ̀ tó wọ́ wa dé Oǹdó, kòkó ti bu. Ẹni tó ń ra kòkó gbé e símú, ó mi orí. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi wí rárá, ìyẹn ló dà mí láàmú jù.

Nígbà tí wọ́n tún jíà ṣe tán, mo padà sí Àkúrẹ́ lọ ra mẹ́rin, ìwọ̀n tó wà lára ilẹ̀kùn. Ọkùnrin yẹn kàn ní, "Ẹ kú ewu." Ojú tì mí.

Nígbà tí kòkó ọdún tó tẹ̀ lé e dé, mo ń retí ìpè ẹ̀gbọ́n mi. Kò pè. Mo ní bóyá kòkó ò tíì gbẹ. Nígbà tó sú mi, mo gbọ̀nà oko lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí mi. Ọkọ̀ lọ geere. Bí mo ṣe wọ àgbàlá rẹ̀, mo rí ojú táyà nílẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì jìn, ọkọ̀ tó ru ẹrù ló tẹ̀ ẹ́.

Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó béèrè àwọn ọmọ. Ó gbé iyán síwájú mi, ẹran inú ọbẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní kòkó ńkọ́.

"Wọ́n ti kó o lánàá, àbúrò mi. N kò fẹ́ yọ ẹ́ lẹ́nu. Jẹun."

Ó dùn mí wọ eegun. Mo ní ẹ ṣé, mo jẹun tán, mo sì wa ọkọ̀ òfìfo padà sí Oǹdó.