Ààwẹ̀ Ìyá Ọkọ Mi ní Sauka Kahuta

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìjà dé Sauka Kahuta, àdúgbò wa, mẹ́rúwà tó ń ta omi fún wa kò tíì dé ojúlé wa tí ìbọn fi dún. Ó fi ọmọlanke rẹ̀ sílẹ̀ láàárín títì, ó sá. Àwọn jàǹdùkú fi ọ̀bẹ gún àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, omi ṣàn lọ, à ń wò ó lójú fèrèsé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìjọba ti kéde kónílé-ó-gbélé.

Omi tó wà nílé kò tó nǹkan, mo sì ń tọ́ ọmọ ọwọ́. Alhaji tó múlé tì wá ní kànga ẹ̀rọ. Ọkọ mi na fóònù rẹ̀ sí i lórí ògiri, ó fi gba kẹ́ẹ̀gì omi kan. Nígbà tó tún padà lọ, Alhaji mi orí.

"Wallahi, babu dizal. Sai haƙuri."

Ó ní kò sí dísẹ̀lì, ká ní sùúrù. Jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi ti kú, kò sì sí ibi tí dísẹ̀lì fẹ́ gbà wọlé. Omi wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ wá lókè. Òùngbẹ ò mọ ẹni tí ń jẹ́ Alhaji.

Ìyá ọkọ mi, arúgbó ọmọ Ìlọrin tí kò lè dá dìde mọ́, ní òun ń gba ààwẹ̀.

"Ààwẹ̀ wo, Ìyá?"

"Èyí tí mo jẹ nígbà tí mo lóyún ọkọ ẹ. Jẹ́ n san án."

Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ti san án tipẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á fi omi kan ètè, á ní òun ti ṣínu. Èmi ni mo ń mu ìyókù, torí ọmú mi ti ń gbẹ. Mo ń mu ún, mo ń sunkún.

Ìyá kú kí wọ́n tó jẹ́ ká jáde. Ọkọ mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú, wo omi tó kù, ó wo ọmọ wa. Ó fi ọwọ́ lu erùpẹ̀, ó fi pa ìyá rẹ̀ lójú àti lọ́wọ́ dípò ìwẹ̀ òkú. Ẹ̀sìn gbà á bẹ́ẹ̀ bí omi kò bá tó fún alààyè. Ẹ̀yìnkùlé la sin ín sí.

Nígbà tí ìbọn dákẹ́, gbogbo àdúgbò pa lọ́lọ́. Lọ́jọ́ tí dísẹ̀lì dé, Alhaji gbé omi kọjá ògiri fún wa, kò gba nǹkan kan. Ọkọ mi bu ife kan, ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó ti ibojì. Ọ̀sán gangan ni.

"Ìyá," ó ní, "ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ ṣínu."