Ọjà Tí Mo Wọ̀, Tí Mo sì Jáde: Bí Mo Ṣe Lọ Mú Ọmọ Mi ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Ìgàndò tí mo ti kírun àsùbáà, tí mo ti jẹ búrẹ́dì, tí mo sì ti lo oògùn mi. Ọkọ mi, jórinjórin tí gbogbo àdúgbò wa mọ̀ dáadáa, ló bá mi gbé báàgì dé ibùdókọ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ wọkọ̀ ló fà mí lápá.

"Tí àwọn ará ilé wa bá bi ọ́, má sọ ti ọjà o. Mi ò sọ fún wọn."

"Mo gbọ́," ni mo fi dá a lóhùn. Mo gbọ́ lóòótọ́, mi ò ṣáà sọ pé mo gbà.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nígbà tí mo bí Nímọ́ta, ọmọ wa kan ṣoṣo, àbísínwín mú mi. Mi ò sùn, mi ò jẹun, mò ń bá ògiri jà. Lọ́jọ́ kan mo jáde nílé láìwọ aṣọ, mo sì rìn wọ inú ọjà Ìkòtún lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà wa máa ń wí: wèrè tó bá ti wọ ọjà, kò gbóògùn mọ́. Ìyá ọkọ mi kò gbọ́ ti ọjà, àìsàn nìkan ló gbọ́, ó sì gbé ọmọ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí ọmọ tó já lẹ́nu ọmú. Ara mi yá, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n wọn ò dá ọmọ padà. Ọmọ náà ti tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí, tí wọ́n bá sì mú un wá kí wa nígbà Iléyá, "Àǹtí Ìgàndò" ló ń pè mí. Èmi tí mo bí i! Ọmọ mi ni mo ń lọ gbà, n kì í ṣe ẹni tó lọ ṣe fàájì.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi láti Ìgàndò dé Ìyànà Ìpájà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin láti ibẹ̀ dé gáréèjì Bẹ́gà. Ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Mo ní iwájú ni mo máa jókòó, torí mo fẹ́ rí ọ̀nà, mo sì fẹ́ gbóòórùn ẹnu awakọ̀ bóyá ó ti mu sẹ́pẹ́ láàárọ̀. Kò mu ún. Àgbàlagbà onírungbọ̀n kan ni, Bàbá Ìbejì ni wọ́n ń pè é ní gáréèjì.

Ọ̀nà dán láti Èkó dé Ìbàdàn. A dúró jẹun lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, ẹ̀kọ mẹ́ta àti mọ́ínmọ́ín kan gba ẹgbẹ̀rún kan àti igba lọ́wọ́ mi, mọ́ínmọ́ín ọ̀hún sì ní ẹyin nínú, ohun tí àwọn tiwa ní Ìgàndò ti gbàgbé. Ẹ̀yìn Ọ̀yọ́ ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Ihò pọ̀ níbẹ̀ ju ọ̀dà lọ, gbogbo wa ń fò lórí ìjókòó. Láti pa ìyà náà rẹ́, Bàbá Ìbejì bi mí níbi tí mò ń lọ, mo ní mò ń lọ mú ọmọ mi. Bí òun náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn àbúrò rẹ̀ nìyẹn.

"Igbó àti tírámádò ló bà á lórí jẹ́, àǹtí. A gbé e dé ọ̀dọ̀ aláfáà, a gbé e gun orí òkè àdúrà, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é lẹ́sẹ̀. Ó já a, ó sá lọ. Ọjà ni wọ́n ti rí i, ó ń ṣa nǹkan jẹ. Ó ti wọjà. Ó ti parí."

"Ta ló sọ fún yín pé ó ti parí?"

"Ṣé ẹ ò mọ òwe yẹn ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo wọ ọjà. Ìhòhò ni mo wọ̀ ọ́."

Ó yíjú wò mí, ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yà wọgbó. Mo pariwo mọ́ ọn: "Ọ̀nà ni kí ẹ máa wò, jàre! Ara mi yá nísinsìnyí, ẹ má pa mí!" Àwọn èrò tó wà lẹ́yìn ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo wá ròyìn ara mi fún un. Nọ́ọ̀sì kan ní ibùdó ìlera kékeré tí a ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ló kọ́kọ́ sọ pé àìsàn ni, kì í ṣe èpè, òun ló sì darí wa sí ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, mo sùn. Wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró. Ìgbà tí ara mi fúyẹ́, mo pa oògùn tì, àìsàn sì padà dé, ni dókítà bá pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn tó bá mi lára mu. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó jókòó kó máa bá èèyàn sọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu náà ni oògùn? Òun ni mo wá sunkún sí lọ́rùn jù. Àwọn tó ń lo igbó àti tírámádò ní wọ́ọ̀dù tiwọn. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ oògùn olóró kúrò lára wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á máa jókòó pọ̀ pẹ̀lú àwọn tó ti fi í sílẹ̀, kálukú á sọ tẹnu rẹ̀. Mi ò rí ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀.

"Aláfáà wa ńkọ́?" ni Bàbá Ìbejì bi mí.

"Tiwa ṣì ń ṣàdúrà fún wa títí di òní. Àdúrà kì í bá oògùn jà. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yẹn ni kí ẹ jù nù."

Nígbà tí a dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ bá mi gbé báàgì fúnra rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ júwe ilé ìwòsàn yẹn fún mi dáadáa." Mo júwe rẹ̀ títí ó fi yé e.

Ní Ìgàndò, tí mo bá kí àgbà, mo kúnlẹ̀ fẹ́ẹ́, mo dìde, kálukú ń kánjú. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyàwó ilé kì í dìde títí wọ́n á fi ní kó dìde. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà níwájú ilé ọkọ mi tí àwọn ọmọ ilé fi yọ sí mi. A kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, kódà bó jẹ́ ọmọ àná ni. Mo bá ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí mo fún wọn nígbà tí mo ṣègbéyàwó: Akọ̀wé, Adúmáadán, Ìdílẹ̀kẹ̀. Mo rí i tí wọ́n ń wo ara wọn. Wọn ò mọ̀ pé orí mi ṣì pé tó bẹ́ẹ̀.

Nímọ́ta sá pamọ́ sẹ́yìn ìyá ọkọ mi. "Àǹtí Ìgàndò, ẹ káàbọ̀ mà."

Wọ́n pè mí sí pálọ̀. Àlàájì, àbúrò bàbá ọkọ mi, tó jẹ́ olórí ilé, gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó ní, "Ìyàwó wa, ìbéèrè kan péré ni mo ní. Nígbà àìsàn yẹn, ṣé o wọ ọjà?"

Mo rántí ọkọ mi. Bí mo bá ní rárá, bóyá wọn ì bá fún mi lọ́mọ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ti sọ fún awakọ̀ tí mi ò mọ̀ rí, ṣé n ó wá máa bò ó fún àwọn tí ọmọ mi ń bá gbé? Inú bí mi díẹ̀ pàápàá.

"Mo wọ̀ ọ́, Àlàájì. Ọjà Ìkòtún ni. Inú ọjà náà gan-an ni ṣọ́ọ̀bù mi wà lónìí, mò ń ta òwú, síìpù àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀. Oògùn mi wà nínú báàgì yìí, mò ń lò ó láràárọ̀, n ò sì ní tijú rẹ̀."

Àlàájì mi orí. Mo ní ó ti tán, mo ti fi ẹnu ara mi ta ọmọ mi nù. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọkọ mi dìde, ó wọ yàrá, ó mú báàgì ọjà àti owó jáde, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́.

"Ìwọ àti Nímọ́ta, ẹ lọ bá mi ra ata àti irú wá."

"Ìyá!" ni Àlàájì figbe ta.

"Mo ní kí wọ́n máa lọ sọ́jà."

Ó yé mi, ó sì yé gbogbo ilé: ọjà tí wọ́n ní kò ní jẹ́ kí n gbóògùn mọ́ ni ìyá ń rán mi wọ̀, kí n sì jáde. Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú, ọmọ náà ló sì ń fọ̀nà hàn mí. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọjà lọjà ń jẹ́: abọ́ ni wọ́n fi ń wọn rodo níbẹ̀, dípò òkìtì tí a ń rà ní Ìkòtún. Mo ná an, wọ́n kọ̀, mo ṣe bí ẹni ń lọ, wọ́n pè mí padà. Nímọ́ta rẹ́rìn-ín. A darí sílé.

Bí a ṣe fi wọ́n sílẹ̀ la bá wọn, kò sẹ́ni tó kúrò lórí ìjókòó. Ìyá ọkọ mi tú báàgì wò.

"Èló lo ra èyí?" Mo sọ fún un. "Háà! Wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ! Irú wo sì rèé, irú tó kún fún iyanrìn? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ná ọjà ní Èkó? Ìyàwó wo ló ń ra irúkírú báyìí wọlé ọkọ? Dìde, lọ ṣàn án!"

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń tọrọ àforíjì, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti mú mi, kò sẹ́ni tó bú mi rí. Bí ẹni gbé ẹyin ni gbogbo wọn ń bá mi sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Ìyá yìí bú mi bí wọ́n ṣe ń bú ìyàwó tí orí rẹ̀ pé. Àlàájì wúkọ́, ó ní kí wọ́n di ẹrù ọmọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a gbọ̀nà Èkó. Láti Ìyànà Ìpájà, mo lè gba Ẹ̀gbẹ́dá bọ́ sí Ìgàndò tààrà, ṣùgbọ́n mo ní Ìkòtún la máa gbà. Mo fẹ́ kọjá níwájú Ìyá Onírọ́bà, obìnrin tó ń ta abọ́, tó tú ìró ara rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lọ́hùn-ún láti fi bò mí. Ó rí wa lókèèrè, ó fi abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ mi.

"Ọmọ dáadáa, ta lo bá wá?"

Nímọ́ta wojú mi, ó tún wo obìnrin náà, ó ní, "Màámi ni."

Mo pariwo. Láàárín ọjà Ìkòtún, lójú ibi tí wọ́n ti fi aṣọ bò mí, mo kígbe, "Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ ohun tó pè mí!" Àwọn èèyàn yíjú, gbogbo ọjà ń wò mí, bíi ti ọjọ́ yẹn náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò mí, jàre.