Itọ́ Ìyá Nínú Ìgò Ọmọ

Ìyá Aránṣọ ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, kì í lo awò ojú kó tó ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ikúgbàgbé ni àdúgbò ń pè é. Wọ́n ní ikú yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà kan, ó ní kó bá òun di etí téèpù mú. Ikú dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ikú.

Àmọ́ ikú tó gbàgbé rẹ̀ kò gbàgbé ilé rẹ̀. Nínú ọmọ márùn-ún, àbíkẹ́yìn nìkan ló kù: wẹ́dà tó ń jó irin, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra. Àdúrà ìyá kò ju ọ̀kan lọ: kí eléyìí sin òun.

Ìgbà náà ni omidan kan dé láti ibi tí wọ́n ti ń wádìí ohun tó ń mú kí ìdílé kan pẹ́ láyé ju òmíràn lọ. Ó gbé ìgò kékeré méjì kalẹ̀, pé kí ìyá àti ọmọ tutọ́ sí i.

"Itọ́ lásán?"

"Inú ẹ̀ la ti ń rí ohun tí èèyàn jogún, ìyá àgbà. Ìdajì lọ́dọ̀ ìyá, ìdajì lọ́dọ̀ bàbá. Èyí tó máa bọ́ sí ọmọ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó ń yàn án."

Ìyá rántí bàbá àwọn ọmọ rẹ̀. Kò pé àádọ́ta ọdún tó fi kú.

Wẹ́dà kọ̀. "Màmá, mi ò tutọ́ fún àlejò. Tó bá jẹ́ omi ni wọ́n ń wá, kí wọ́n lọ sídìí kànga." Ó gbé ìbòjú iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ìyá wo ìgò òfìfo náà. Ṣebí ẹnu òun lòun fi ń rún oúnjẹ fún ọmọ yìí nígbà tí kò tíì léyín? Ó tutọ́ sí méjèèjì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omidan padà dé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó bá ìyá àti ọmọ nílé. "Ibì kan ṣoṣo nínú itọ́ náà la tíì wò, àmọ́ ohun tó ń mú ìyá pẹ́ láyé wà lára ẹ̀yin ọmọ wọn náà. Kì í ṣe apata tó ń dá ikú dúró o. Ẹ má fi oògùn sílẹ̀, sà."

Ìdajì ọ̀rọ̀ ni wẹ́dà gbọ́; ayọ̀ ò jẹ́ kó bèèrè ibi tí wọ́n ti rí itọ́ òun. Ó da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sínú agolo èérún irin.

"Máa lò ó," ni ìyá wí.

"Ẹ̀yin náà lò ó rí? Ọmọ Ikúgbàgbé ni mí, màmá."

Ọ̀rọ̀ ìgò náà dé orí ahọ́n ìyá. Ó pẹ́ tó ti rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó di ọ̀la. Ọ̀la sì ń bí ọ̀la.

Kí òjò ọdún yẹn tó dá, wẹ́dà ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ gèètì tó ń ṣe lọ́wọ́. Irin ṣì gbóná nígbà tí wọ́n gbé e. Ìyá ló rán aṣọ tí wọ́n fi sin ín.

Omidan tún dé, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti yẹ itọ́ náà wò tinú-tẹ̀yìn. Ẹnì kan náà ló ni ìgò méjèèjì, obìnrin sì ni.

"Àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti dà á pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ ọmọ yín, kí wọ́n tutọ́ sí ìgò tuntun yìí."

Ìyá gba ìgò náà. Ó wọ yàrá ọmọ rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnu rẹ̀ gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Ojú tí kò nílò awò náà rí gbogbo rẹ̀ kedere: bàtà, ìbòjú, agolo. Omidan sì ń dúró lóde.